Oṣù Mẹ́ta ní Ilé Èlísábẹ́tì

Ẹ̀kọ́ kíkà: Lúùkù 1:39–56

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, nígbà tí Màríà lóyún, ilé ìbátan rẹ̀ ni ó yára lọ, ó sì bá a gbé tó oṣù mẹ́ta. Ìbùkún ni Èlísábẹ́tì fi kí i káàbọ̀, kò dẹ́rù bà á.

Àwa ńkọ́? Ní àgbàlá tiwa, a sọ fún aboyún kan rí pé kí ó má lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un, kí ọmọ má baà tóbi jù. Ó gbọ́ tiwa ju ti nọ́ọ̀sì lọ, nítorí àwa ni ó ń rí lójoojúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ sì le. Ọlọ́run ṣàánú, tìyá tọmọ yè. (Ká má tíì sọ ti ìgbín tí a ní ó ń mú ọmọ da itọ́!)

Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún rí olùtọ́jú, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ta ni yóò bá a mójú tó àwọn ọmọ tó fi sílé? Ẹ kan ilẹ̀kùn aboyún àdúgbò yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí yóò lọ.