Tọrùn Olùdíje Là Á Kọ́kọ́ Wò

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ẹgbẹ́ òṣèlú APC pé jọ sí Eagle Square ní Àbújá láti yan ẹni tí yóò gbé àsíá wọn nínú ìdìbò ààrẹ. Aṣojú mẹ́ta péré, àwọn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní dẹ́lígéètì, ni wọ́n fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ni Ẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pín sí, Àríwá Ẹdẹ àti Gúúsù Ẹdẹ, ìyẹn ni pé ẹni mẹ́fà ló dúró fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ náà nílùú Tìmì. Ti PDP tilẹ̀ tún kéré sí i. Wọ́n ti ṣe tiwọn ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, aṣojú kan ṣoṣo ni wọ́n sì fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni méjì ni ti Ẹdẹ.

Ẹni mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ìlú yòókù fi máa tò sórí ìlà ní oṣù kejì ọdún 2023, ẹnì kan ṣoṣo ló kù nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tó le jù nínú gbogbo ètò náà ti parí láìsí wọn níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ìbéèrè ohun tó yẹ kí ènìyàn wò kó tó yan olùdíje fi jẹ́ ti ìdìbò abẹ́lé ju ti ìdìbò gbogbogbòò lọ.

Òwe kan wà tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí: ẹni tó máa dáṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Wọ́n ń pa á fún ọmọbìnrin tí ọkùnrin kan ṣèlérí ilé àti mọ́tò fún. Wọ́n ń pa á fún oníṣòwò tí àlejò fẹ́ kó owó rẹ̀ lọ fi dókòwò. Ní àsìkò ìbò, ó máa ń fò sétè àwọn ènìyàn kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn pa á. Òwe tí a ń pa báyìí máa ń tètè di àsọtúnsọ lẹ́nu, a ó máa pa á láìro ohun tó ń pàṣẹ pé ká ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé ẹni tí a ṣèlérí fún lẹ́tọ̀ọ́ láti wòye. Nínú àṣà wa, kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí kí ènìyàn máa wo aṣọ àgbàlagbà láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń yẹ ọjà wò. Ẹni tí kò bá ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, aṣọ rẹ̀ kò kan aráyé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tó bá la ẹnu pé òun yóò dáṣọ fún ìlú, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé aṣọ ọrùn rẹ̀ wá síta fún àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ní "àgbà wa ni, ẹ má bi í léèrè" ti gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ ìlú. Ìbéèrè kì í ṣe àrífín sí ẹni tó ń wá ipò ààrẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìlérí pe ìbéèrè náà wá.

Ohun kejì ni ètò: kí wíwò ṣáájú ìdúpẹ́. Ní Ẹdẹ, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ìdúpẹ́ ló sábà máa ń ṣáájú. Olùdíje á dé pẹ̀lú ọkọ̀ rẹpẹtẹ, á kọ́kọ́ yà kí Tìmì, ọba ìlú, láàfin, àwọn onílù á bọ́ síwájú, ankárá ẹgbẹ́ á ti wà lára àwọn obìnrin ọjà, oríkì á sì ti máa dún kó tó sọ ọ̀rọ̀ kan. Gbogbo èyí dára, ó sì yẹ àlejò. Àmọ́ lẹ́yìn tí a ti jó, tí a ti kí i kú iṣẹ́ tí kò tíì ṣe, ó máa ń nira láti tún béèrè iṣẹ́ tó ti ṣe.

Kí wá ni ọrùn olùdíje ààrẹ? Kì í ṣe agbádá, kì í sì í ṣe iye ilé tó ní. Ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni iṣẹ́ tí ènìyàn lè fọwọ́ tọ́ka sí kó tó máa wá ìbò: ibi tó ti ṣe àkóso rí, bí nǹkan ṣe rí fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, ohun tó ṣe nígbà tí kò sí kámẹ́rà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Moshood Abiọ́lá wò. Ìdìbò abẹ́lé tí ẹgbẹ́ SDP àti NRC ṣe lọ́dún 1992 dàrú, ẹ̀sùn owó àti èrú pọ̀ nínú rẹ̀, Ààrẹ ológun Babangida sì fagi lé e, ó ní kí gbogbo àwọn olùdíje mẹ́tàlélógún náà jókòó sílé. Ètò tuntun tí wọ́n gbé dé lẹ́yìn náà ni Option A4. Láti wọ́ọ̀dù ló ti bẹ̀rẹ̀: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́ ní gbangba, ẹni tó bá yege á kọjá sí ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà sí ìpínlẹ̀, kó tó kan àpérò àpapọ̀. Nígbà tí SDP pé jọ sí Jos ní oṣù kẹta ọdún 1993, Abiọ́lá ló ṣáájú, Babagana Kingibe tẹ̀lé e, Atiku Abubakar ṣìkẹta, Atiku sì yọwọ́ kí àwọn méjì tó kù tó tún díje. Abiọ́lá ló mókè.

Ọrùn Abiọ́lá kò mọ́ tónítóní lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn kan rántí pé ó ti wà nínú NPN nígbà tí Awólọ́wọ̀ ń díje, àwọn mìíràn sì ń bínú sí ọ̀rẹ́ tó ń bá àwọn ológun ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó ti san owó rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, owó tó ná sórí eré ìdárayá, ìjà tó gbé kiri àgbáyé pé kí àwọn òyìnbó san gbèsè oko ẹrú fún ilẹ̀ Áfíríkà, gbogbo rẹ̀ ló ti wà nílẹ̀ kó tó gba fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ kankan. Àwọn tó dìbò fún un rí aṣọ kan tó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Ó hàn lẹ́yìn náà pé ohun mìíràn tún wà lára ọkùnrin náà tí ọ̀pọ̀ kò rí: ó dúró ti ìbò ààrẹ June 12 tí ìjọba ológun fagi lé, títí ikú fi pa á ní àtìmọ́lé ní ọjọ́ keje oṣù keje ọdún 1998.

Ti D'Rovans ni ó yẹ kó máa dun ará Ẹdẹ jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999, ẹgbẹ́ AD ní láti mú ẹnì kan nínú Bọ́lá Ìgè àti Olú Fálaè. Wọn kò ṣe ìdìbò láti wọ́ọ̀dù. Ẹni mẹ́tàlélógún ló jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì D'Rovans ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì mú Fálaè. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Fálaè kò mọ iṣẹ́. Akọ̀wé ìjọba àpapọ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó sì ṣe mínísítà ètò ìnáwó lọ́dún 1990. Ṣùgbọ́n láti 1979 sí 1983, Ìgè ni gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, inú rẹ̀ sì ni Ẹdẹ wà nígbà náà, nítorí ọdún 1991 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Àwọn ọmọ Ẹdẹ jókòó sí kíláàsì lábẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba rẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí aṣọ náà gbé dára, wọ́n sì mọ ibi tó ti ya. Àwọn tó ti fi ara wọn gbé abẹ́ ìṣàkóso ọkùnrin yẹn fún ọdún mẹ́rin kò ní ohùn kankan nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣèdájọ́ rẹ̀. Fálaè borí ní ilẹ̀ Yorùbá, Ọbásanjọ́ sì borí ní Nàìjíríà. Ìjà tó ti inú D'Rovans jáde kò jẹ́ kí AD tún gbádùn mọ́.

Bí ẹni tó yàn bá yàtọ̀ sí ẹni tó mọ̀, òwe wa ti pàdánù ojú tó fẹ́ fi wòran.

Òmíràn wà tó máa ń ti òwe yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ni "ọmọ wa ni" àti "àwa ló kàn". Ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Bọ́lá Tinúbú sọ "Èmi ló kàn", ọ̀rọ̀ náà sì di orin lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn béèrè pé kí ipò yí kiri; orílẹ̀-èdè tí ẹ̀yà pọ̀ nínú rẹ̀ nílò rẹ̀. Àmọ́ kò lè yanjú ohun tí àwọn aṣojú Ẹdẹ lọ bá ní Eagle Square. Fáyẹmí, Amósùn, Bánkọ́lé àti Bọ́rọ̀fíìsì, tí àwọn náà ń díje, ti yọwọ́ fún Tinúbú. Ọ̀ṣínbàjò kò yọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni Pásítọ̀ Túndé Bákàrè. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ wa pọ̀ báyìí nínú agbo, "ọmọ wa ni" ti tán lẹ́nu, ó ku ọrùn: kí ni Èkó jọ láàrin 1999 àti 2007 lábẹ́ Tinúbú? Kí ni Ọ̀ṣínbàjò fi ọdún méje tó fi jẹ́ igbákejì ààrẹ ṣe? Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Tinúbú ní 1,271, Rotimi Amaechi ní 316, Ọ̀ṣínbàjò ní 235. Bákàrè kò rí ẹyọ kan.

Ibi kan wà tí òwe yìí kò dé, ìtàn Ẹdẹ fúnra rẹ̀ ló sì fi hàn wá. Wọ́n ní Aláàfin ló rán Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná wá sí ibi tó di Ẹdẹ lónìí, kó lè máa ṣọ́ ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó àwọn èrò lọ́jà. Kò rán aláìmọ̀. Ọfà Tìmì ti lókìkí kí wọ́n tó fún un níṣẹ́, Aláàfin sì wo ọrùn dáadáa. Síbẹ̀, nígbà tó yá, agbára Tìmì pọ̀ débi pé ìjà dé láàrin òun àti Ọ̀yọ́, jagunjagun Gbọ̀nkáà ni wọ́n sì rán sí i. Oríṣiríṣi ni wọ́n ń gbà sọ ìtàn náà, Dúró Ládiípọ̀ fi tirẹ̀ ṣe eré Ọba Kò So. Ohun tó dájú nínú rẹ̀ ni pé ọrùn lè sọ ohun tí ènìyàn lágbára láti ṣe, kò lè sọ ẹni tí yóò ṣe é fún.

Nítorí náà ìbéèrè kan tún kù: aṣọ tó wà lọ́rùn yìí, owó ta ni wọ́n fi rà á? Olóṣèlú tó fi owó ìlú ra dàńṣíkí olówó iyebíye dùn-ún wò lókèèrè. Tí a bá dúró lórí pé aṣọ rẹ̀ dára, a ó gbà pé ẹni tó jí aṣọ wọ̀ ló yẹ kó dáṣọ fún wa. Òwe náà kò béèrè èyí, àwa ni ká béèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ owó. "Dìbò kóo sebẹ̀" ni wọ́n ń pè é ní ilé ìdìbò ní Ọ̀ṣun àti Èkìtì. Ní ti dẹ́lígéètì, ìròyìn tó kún inú ìwé ìròyìn ní 2022 ni pé dọ́là ni. Lẹ́yìn ìdìbò abẹ́lé PDP, aṣojú kan láti ìjọba ìbílẹ̀ Sanga ní ìpínlẹ̀ Kaduna kó owó tó rí gbà wálé, ó sì pín in fún àwọn ará àdúgbò rẹ̀, ó sì fi lára rẹ̀ san owó ìdánwò àwọn ọmọ òrukàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yìn ín. Inú rere ló ní, kò sí àní-àní, ó sì sàn ju kó dá a jẹ lọ. Ṣùgbọ́n òwe sọ pé "ẹni tó máa dáṣọ fún ni", ìlú ló sì yẹ kí wọ́n dáṣọ náà fún. Ní ọjọ́ tí aṣojú bá gba owó, wọ́n ti dá aṣọ tirẹ̀ fún un, kò tún sí ìdí tí yóò fi wo ọrùn ẹnikẹ́ni. Kódà bó bá pín in, ìdájọ́ tí wọ́n rán an lọ ṣe ni ó tà.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ìbò ẹnì kan tàbí méjì kò jẹ́ nǹkan, kó rántí oṣù keje ọdún 2018. PDP fẹ́ mú ẹni tí yóò du ipò gómìnà Ọ̀ṣun. Adémọ́lá Adélékè, ọmọ Ẹdẹ, ní ìbò 1,569. Akin Ògúnbíyì ní 1,562. Méje péré ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Ká ní aṣojú mẹ́rin yí ọkàn padà, orúkọ mìíràn ni ì bá wà lórí bébà ìdìbò lọ́dún náà.

Ó yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí ní Ẹdẹ mọ orúkọ àwọn tí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ bá rán lọ. Bí ẹgbẹ́ bá tún fẹ́ fi aṣojú yan olùdíje ààrẹ, ẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín kí wọ́n tó gbéra. Ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́ dìbò fún, kí ni ẹni náà ti ṣe rí, níbo ló ti ṣe é, owó ta ni ó fi ṣe é. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé láti Àbújá, ẹ tún pe ìpàdé mìíràn, kí wọ́n wá jábọ̀ ohun tí wọ́n ṣe lórúkọ yín.