Kádàrá àti Ẹ̀kọ́ Ìtukọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú Ìsìláàmù, àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwa ará Olódò, ṣùgbọ́n adágún Aṣejire kò jìnnà sí wa, àwọn ọmọ wa sì ń wọkọ̀ ojú omi káàkiri. Bí ọ̀dọ́ bá ní òun fẹ́ kọ́ ìtukọ̀, ṣé kò gbára lé Ọlọ́hun tó ni? Àwọn kan ní kádàrá ni yóò ṣẹ.

Òótọ́ ni kádàrá. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà 2023, ọkọ̀ tó ń kó èrò ìyàwó bọ̀ dànù nítòsí Pàtígi ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn tó kú lé ní 100. Ìròyìn ní èrò inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ṣé kádàrá ni a ó di ìyẹn rù?

Ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ onígbòkun kọ́kọ́ ń kọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, bí a ṣe ń wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, àti bí a ṣe ń gbé ọkọ̀ tó dojú dé nàró. Kò lè pàṣẹ fún afẹ́fẹ́. Ìgbòkun nìkan ló lè tún ṣe. Ti Ọlọ́hun ni afẹ́fẹ́, tiwa ni ìgbòkun.

Ànábì Nûhu gba ìlérí Ọlọ́hun, síbẹ̀ ó kan ọkọ̀ kí omi tó dé. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́ ọ, kí ẹ sì fi àdúà tì í lẹ́yìn. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa lórí ilẹ̀ àti lórí omi. Àmín.