Lẹ́yìn Tí Olè Bá Ti Lọ

Bí a bá ní kí ọmọ Yorùbá júwe ọmọlúàbí, ohun tí kì í ṣe ni yóò kọ́kọ́ kà sílẹ̀: kì í jalè, kì í purọ́, kì í bú àgbà, kì í fipá mú ọmọ ọlọ́mọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó ti géètì rẹ̀ ní Bódìjà, tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, kò tíì ṣe ju pé kò ṣe ibi lọ. Èrò tèmi ni pé ọjọ́ tí ibi bá ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì ni a ń mọ ọmọlúàbí. Bí a bá sì fi òṣùwọ̀n yìí wọn Ìbàdàn tuntun, láti Àgbowó dé Challenge, àwa tí a kò jalè rí náà yóò jẹ gbèsè. Àánú kò wọ́n wa. Ètò ló wọ́n wa: ta ni yóò tẹ̀ lé ẹni tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́ dé ilé ìwòsàn, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì, ta ni yóò jókòó tì í ní kóòtù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé.

Ẹ rántí alẹ́ ọjọ́ 16, oṣù January, ọdún 2024, ní agbègbè Adéyí ní Bódìjà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní ohun abúgbàù tí àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé kan ló bú. Ìró rẹ̀ jìnnà débi pé àwọn tó wà ní òdìkejì ìlú sá jáde síta. Ènìyàn 5 ló kú, àwọn tó farapa lé ní 70, ilé tó bàjẹ́ kò sì kéré. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ará àdúgbò àtàwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì ti ń wá ènìyàn lábẹ́ àwókù. Ìjọba kéde pé òun yóò san owó ìwòsàn, òun yóò sì wá ibi tí àwọn tí ilé wọn wó yóò máa sùn sí. Kò sí ẹni tó bi ẹni tí bíríkì já lé lórí pé kí ló ń wá ní Bódìjà lálẹ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Nítorí ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ nínú yàrá kan ní Àgbowó, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò pàdé ni pé, "Kí ló gbé ọ débẹ̀?" Ẹni tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n sì fi ọ̀bẹ gé e lápá, wọn á ní ta ló ní kó máa tẹ fóònù lójú títì. Ẹni tó kó sọ́wọ́ àwọn "wọn-ṣáǹsì", olè inú ọkọ̀ akérò, ní Challenge, wọn á ní ojú rẹ̀ ò là ni. Gbogbo wọn ni ọ̀daràn ṣe lọ́ṣẹ́. Ariwo ló yàtọ̀.

Kódà níbi tí ariwo wà, ojú wa kì í pẹ́ lára ẹni tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́. Ní oṣù March, ọdún 2014, nígbà tí àṣírí igbó Sóókà, ibùba àwọn ajínigbé ní Ìbàdàn, tú, wọ́n bá àwọn ènìyàn tó ti rù kan eegun nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Ring Road. Èrò wọ́ lọ sí Sóókà bí ẹni ń lọ wo egúngún. Ta ló ni ibẹ̀, òṣèlú wo ló wà nídìí rẹ̀, agbárí mélòó ni wọ́n rí: ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu ìlú kan nìyẹn. Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè lónìí bóyá ó mọ ẹni tó tọ́jú ọkàn àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ yẹn, tàbí ẹni tó bá wọn wá ẹbí wọn rí. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní tiwa, àwa tí a kò ṣu, tí a kò sì kó o, la kọ́kọ́ gbàgbé.

Níbì kan, òfin ti ṣíwájú ìwà wa lọ. Ó pẹ́ tí ilé ìwòsàn ti máa ń béèrè ìwé ọlọ́pàá kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹni tí ìbọn bà, tí ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà lórí bẹ́ńṣì. Ní òpin ọdún 2017, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó pa á láṣẹ pé ilé ìwòsàn yòówù, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni, gbọ́dọ̀ gba irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó sì tọ́jú rẹ̀, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, láìkọ́kọ́ gba owó àsansílẹ̀. Kí wákàtí 2 tó pé ni ilé ìwòsàn náà gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí. Òfin kan náà ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹni tó gbé e wá, kí wọ́n má fi ìbéèrè ìdójútì yọ ọ́ lẹ́nu. Síbẹ̀, bí ìbọn bá ba ènìyàn ní Ring Road lónìí, ohùn kan kò ní ṣàìjáde láti àárín èrò pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o, ọlọ́pàá á mú yín." N kò bú ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ní ìdí. Àwọn tó ṣe oore tí wọ́n sì sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá kì í ṣe ìtàn àròsọ nílùú yìí. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ Challenge pé òfin ti wà lẹ́yìn wọn? Akínkanjú wà lára ohun tí a fi ń mọ ọmọlúàbí, akínkanjú kì í sì í fi gbogbo ìgbà dá nìkan rìn. Ó rọrùn láti ti ẹnì kan mọ́lé. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀ bí alága àdúgbò àti akọ̀wé rẹ̀ bá jọ bá a dé àgọ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n mọ ohun tí òfin wí.

Ti àwọn ọmọdé ló tún burú jù. Ìwádìí tí àjọ tó ń ka ènìyàn ní Nàìjíríà ṣe pẹ̀lú UNICEF ní ọdún 2014 fi hàn pé nínú ọmọbìnrin 4, ẹnì 1 ti fojú winá ìwà ipá ìbálòpọ̀ kó tó pé ọmọ ọdún 18. Nínú ọmọkùnrin 10, ẹnì 1. Nínú 100 irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó rí ìrànlọ́wọ́ kankan gbà kò tó 5. Ìyá kan ti ọjà dé, ó bá ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún, ẹ̀jẹ̀ wà lára pátá. Ohun tí ìfẹ́ bá kọ́ ọ ni yóò ṣe: yóò gbé omi kaná, yóò fi iyọ̀ sí i, yóò fi kànìnkànìn wẹ ọmọ náà látorí dé ẹsẹ̀, yóò sì rẹ pátá yẹn sínú ọṣẹ kí ará ilé má baà rí i. Ẹ̀rí ló ń fọ̀ dànù yẹn, kò sì mọ̀. Ńṣe ló yẹ kí ọmọ náà dé ilé ìwòsàn láìwẹ̀, kí aṣọ náà gbẹ, kó wà nínú àpò bébà, kì í ṣe nínú ọ̀rá, nítorí ọ̀rinrin inú ọ̀rá ń ba ohun tí dókítà fẹ́ yẹ̀ wò jẹ́. Oògùn wà tó ń dènà kòkòrò HIV, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 72 lọ kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹbí bá fi ọjọ́ mẹ́ta ṣèpàdé, oògùn ti kọjá, ẹ̀rí ti lọ, afipábánilòpọ̀ yóò sì wà níbẹ̀ tí yóò máa búra. Kì í ṣe pé ìyá yìí kì í ṣe ọmọlúàbí. A kò kọ́ ọ ni, a sì fi ìfẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọ̀daràn.

Ní Èkó, wọ́n ti rí i pé ó ṣeé ṣe. Oṣù July, ọdún 2013 ni Mirabel Centre bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà: dókítà àti agbaninímọ̀ràn wà lábẹ́ òrùlé kan náà, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹni tó ti jìyà má baà máa ro ẹjọ́ kan náà fún ènìyàn méje. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba Èkó gbé DSVRT, ikọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwà ipá abẹ́lé àti ti ìbálòpọ̀, dìde, tí òfin sì sọ ọ́ di àjọ ní 2021. Ìbàdàn náà kò ṣófo. Láti ọdún 2007 ni Women's Law Clinic ti wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn olùkọ́ wọn ti ń gba obìnrin tí kò lówó nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Àgbowó ló wà ní iwájú géètì Yunifásítì yẹn. Títì kan ló là wọ́n láàárín. Àwọn tó ń gbé ní òdìkejì títì náà, tí wọ́n nílò rẹ̀, tí wọn kò sì mọ̀ pé ó wà, ni ẹ̀rí tó dára jù pé ilé àti pátákó nìkan kì í ṣe ètò. Ẹni tí yóò fa ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ sọdá ni kò sí.

Èsì tí àgbàlagbà yóò kọ́kọ́ fún mi ni pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, pé ọmọlúàbí ni ẹni tó bo àṣírí, tó fi ọ̀rọ̀ ilé sílé. Mo gbà pé ọgbọ́n wà nínú òwe náà, lórí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀, gbèsè, ọ̀rọ̀ tó yọ lẹ́nu. Ìjà ni ìwọ̀nyẹn, ẹni méjì ló ń jà á. Ẹni tó fipá bá ọmọ ọdún mẹ́wàá lò pọ̀, ta ni wọ́n jọ ń jà tí a fẹ́ là? Yàtọ̀ sí èyí, àgbà tó ń parí ọ̀ràn nínú agboolé mọ àwọn méjèèjì, ojoojúmọ́ ló sì ń rí wọn. Ní Àgbowó àti Bódìjà, ilé rẹ́ǹtì ni. Ẹni tí wọ́n bá bo àṣírí rẹ̀ lónìí yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò gba yàrá ní Àkóbọ̀, àwọn ìyá ibẹ̀ yóò sì máa rán ọmọ wọn sí i nítorí pé ó ń kí ènìyàn dáadáa. Àṣírí ta ni a bò nígbà náà? Àwọn kan á tún ní ìrànlọ́wọ́ yìí á jẹ́ kí irọ́ pọ̀, pé obìnrin kan lè dìde kó ba orúkọ ọkùnrin jẹ́. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà kì í dá ẹjọ́, agbaninímọ̀ràn kì í ranni lẹ́wọ̀n. Àyẹ̀wò tó bá tètè wáyé lè yọ aláìṣẹ̀ nínú ọ̀ràn. Àgbọ́sọ àdúgbò ni kì í yọ ẹnikẹ́ni.

Kí ibi tó ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Níbí, àwọn ọmọ Ìbàdàn gan-an ti ṣe iṣẹ́ tí a kò náání. Ní ọdún 2005 ni Olúfúnmiláyọ̀ Fáwọlé, Adémọ́lá Àjùwọ̀n àti akẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Ìbàdàn gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nílùú yìí jáde, àwọn ọmọ iṣẹ́ aránṣọ àti onídìrí. Ohun tó wú mi lórí nínú rẹ̀ ni pé wọn kò fi ẹ̀kọ́ náà mọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọbìnrin náà nìkan. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀gá wọn, wọ́n kọ́ ọlọ́pàá, wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́. Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí yóò mọ ìdí. Ọmọ iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ dé láàárọ̀, òun ló ń gbálẹ̀, tó ń tú irun àtijọ́, tó ń dúró de oníbàárà tó bá pẹ́ lálẹ́. Bàbá rẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ọjọ́ ìdáǹdè rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Bí ọkọ ọ̀gá bá ń fọwọ́ pa á lára, ta ni yóò sọ fún? Ẹ lè kọ́ ọmọ náà fún ọdún kan pé kó sọ pé rárá. Bí ọ̀gá kò bá ní gbọ́, bí ọlọ́pàá bá ní kó lọ mú àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wá kó tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, asán ni. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n máa ń ṣe fún ọmọbìnrin nìkan ní ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n á ní kí àwọn ọmọkùnrin jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn tó jáde yẹn gan-an ló yẹ kó jókòó.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, tí gbogbo ènìyàn ń sá sí abẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ní ebi ń pa ìlú, ta ló fẹ́ gbọ́ ti agbaninímọ̀ràn? Ẹ wo ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò yín. Oṣooṣù là ń dá owó ọdẹ, owó géètì, owó wáyà ẹlẹ́gùn-ún, owó iná ojú títì. Bí olè bá fo ògiri wọlé síbẹ̀síbẹ̀, tó fi àdá ṣá ìyàwó ayálégbé kan, a ó pe ìpàdé, a ó sì tún owó dá láti gbé ògiri náà ga sí i. Kò sí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ fún apá obìnrin náà. Owó tí a ń dá wà, a kàn gbà láàárín ara wa pé ti ògiri ni. Ìjọba ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì yẹ ká gbà á sílẹ̀: nọ́ḿbà 615 tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi lélẹ̀ fún pàjáwìrì kò wúlò fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ó sì yẹ kí ilé ìwòsàn ńlá bí Adéọ̀yọ́ ní yàrá tí ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lè wọ̀ láìtò sáàárín èrò. Ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ni yóò sùn nílé kejì sí ẹni tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́.

Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé àdúgbò, láti Bódìjà dé Challenge, ìpàdé yín tó ń bọ̀ ni mo fi bẹ̀ yín. Ẹ yan obìnrin kan àti ọkùnrin kan tí yóò máa bá ẹni tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́ dé ilé ìwòsàn, dé àgọ́ ọlọ́pàá, dé kóòtù. Ẹ yọ owó ọkọ̀ wọn àti owó oògùn ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú owó ọdẹ tí ẹ ń gbà. Kí ẹ sì kọ nọ́ḿbà fóònù àwọn méjèèjì sára géètì, níbi tí ọmọ ọ̀dọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ pàápàá ti lè rí i kà.