Pásítọ̀ Ọ̀dọ́ Gẹ́gẹ́ Bí Ògbufọ̀ Láàárín Ìran Méjì

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ Kristẹni nílẹ̀ Yorùbá, pásítọ̀ ọ̀dọ́ ni òjíṣẹ́ tí wọ́n fi àbójútó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti àwọn àpọ́n lé lọ́wọ́. Bí yóò ṣe fà wọ́n mọ́ra ni àwọn alàgbà máa ń bi í léèrè jù, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ ni ti ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún, nítorí pé bí ó bá jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́ nìkan, ìjọ méjì ni yóò máa jọ́sìn lábẹ́ òrùlé kan, tí ọ̀kan kò ní gbọ́ èdè èkejì.

Ìtàn Ìjọ Ìràpadà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Redeemed, la ọ̀rọ̀ yìí yéni. Josiah Akíndáyọ̀mí, tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1952, kò mọ̀wé, Yorùbá ni ó sì fi ń wàásù. Enoch Adébóyè, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì tó wọ ìjọ náà ní 1973, wà lára àwọn ògbufọ̀ rẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń dúró ti oníwàásù láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn. Ògbufọ̀ ní láti gbọ́ ohun tí àgbà ń sọ ní àgbọ́yé kí ó tó la ẹnu, kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì gbọdọ̀ mọ àwọn tó ń gbọ́ ọ dunjú. Nígbà tí Adébóyè di olórí ìjọ ní 1981, tí kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, ó ti mọ ọkàn ẹni tó ṣáájú rẹ̀ kí ó tó yí ohunkóhun padà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní model parish dé, níbi tí orin, aṣọ àti èdè ti bá àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé mu, tí àwọn ẹ̀ka àtijọ́ sì ń bá ìṣe tiwọn lọ. Ètò náà mú kí ìjọ gbilẹ̀, àmọ́ ó tún ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún bàbá láti máa jọ́sìn ní ẹ̀ka kan kí ọmọ rẹ̀ máa jọ́sìn ní òmíràn.

Bíbélì náà kò ya ìran méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótì, orí kẹrin ni ó ti ní kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré ọ̀dọ́ aṣáájú yìí, ọ̀rọ̀ tí ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti kọ sára báńà. Orí karùn-ún tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí Tímótì yóò ṣe máa bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, èyí kì í sì í dé ara báńà. Ẹnì kan náà ni Pọ́ọ̀lù kọ méjèèjì sí.

Nínú orin ni ìyapa láàárín ìran méjèèjì ti ń hàn jù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ orin bá jáde lójú skírìnì ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan, àwọn ìyá ìjọ á pa ìwé orin wọn dé, wọ́n á sì dákẹ́. Nígbà tó bá kan orin inú ìwé, àwọn ọ̀dọ́ á fa fóònù yọ. Pásítọ̀ ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò mú ìyá kan wá kọ́ àwọn akọrin ọ̀dọ́ ní orin tí ó fi la ọjọ́ ìṣòro kọjá, yóò sì ṣàlàyé fún àwọn alàgbà ohun tí àwọn ọmọ wọn ń rí nínú ìlù tuntun.

Kò lè ṣe èyí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ní ìjọ púpọ̀, ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo lọ́dún ni àwọn ọ̀dọ́ ń darí ìsìn, bí ó bá sì di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á padà sórí àga ẹ̀yìn. Kí àwọn alàgbà tó ń gbèrò láti yan pásítọ̀ ọ̀dọ́ jọ̀wọ́ kọ́kọ́ fún un ní àga nínú ìgbìmọ̀ wọn, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí ìpinnu tó wáyé.