Ẹ̀tọ́ Láti Gbàgbọ́ Pé Ọkọ̀ Yóò Gúnlẹ̀

Ìgbàgbọ́ lè ti òótọ́ inú wá, kí ẹni tó ní in sì jẹ̀bi síbẹ̀. Ohun tí W. K. Clifford, onímọ̀ ìṣirò àti ọgbọ́n-orí ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ní 1877 nìyẹn. Ó fi ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ṣàpẹẹrẹ. Ọkọ̀ náà ti gbó, ọlọ́kọ̀ sì mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ ó ń fi Ọlọ́run àti àwọn ìrìn-àjò àtẹ̀yìnwá tu ara rẹ̀ nínú títí iyèméjì fi kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọkọ̀ rì, èrò ṣègbé. Clifford ní ó jẹ̀bi ikú wọn. Kódà ká ní ọkọ̀ gúnlẹ̀, ẹ̀bi rẹ̀ kò dín, torí ọjọ́ tó pa iyèméjì lẹ́nu mọ́ ló ti ṣẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yìí mọ ohun tó ń jẹ́ jàǹbá: ní 1870, ọkọ̀ tó gbé e lọ wo bí òṣùpá yóò ṣe bo oòrùn fọ́ létíkun Sicily.

Tírélà ìgbafẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ilé kékeré onítáyà tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná, gbé ọ̀rọ̀ náà wá sójú títì. Ohun tó ṣeé mọ̀ nípa rẹ̀ pọ̀. Nínú ìwúwo tírélà àti ẹrù inú rẹ̀, ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó tẹ ìkọ́ tó so ó mọ́ ọkọ̀. Èyí tó bá wúwo tó 2,000 kílò yẹ kó fi 200 sí 300 tẹ̀ ẹ́. Bí ẹrù bá pọ̀ jù sẹ́yìn, tí eré sì ga, tírélà lè bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún sósì, kó sì dojú ọkọ̀ tó ń fà á dé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi òṣùwọ̀n wọn ìwúwo wọ̀nyí ló kan pápá gbalasa tí ọkọ̀ mìíràn kò sí. Níbẹ̀ ni awakọ̀ ti ń fi eré jẹ́ẹ́jẹ́ dán bíréèkì tírélà nìkan wò bóyá ó mú, tó ń yí kọ̀rọ̀, tó ń rìn sẹ́yìn, kó tó bọ́ sí títì márosẹ̀.

William James, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Amẹ́ríkà, ta ko Clifford ní 1896. Ó ní ìgbàgbọ́ a máa ran òtítọ́ lọ́wọ́ láti ṣẹ. Níbòmíràn, ó ní ẹni tó dá lójú pé òun lè fo ọ̀gbun orí òkè a máa fò ó ju oníyèméjì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n James fúnra rẹ̀ pààlà sí i: ibi tí ẹ̀rí kò ti lè parí ọ̀rọ̀ ni ẹ̀tọ́ yìí wà. Ẹ̀rí lè parí ọ̀rọ̀ bíréèkì láàárín wákàtí kan.

Àwọn onígbàgbọ́ kan máa ń rò pé àyẹ̀wò ń fi àìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run hàn. Ìtàn inú Mátíù orí 4 kò gbè wọ́n. Jésù kọ̀ láti fò sílẹ̀ láti ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì, bí ìlérí ààbò tilẹ̀ wà, nítorí irú ìfò bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ dídán Ọlọ́run wò. Ẹni tó gbéra láìdán bíréèkì wò ló sún mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà jù, àwọn tó sì ń bọ̀ níwájú rẹ̀ kò bá a dá májẹ̀mú kankan. Ẹ̀mí tiwọn náà ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Àyẹ̀wò náà ní ibi tó mọ. Tírélà òfìfo tó dúró ṣinṣin kò lè jẹ́rìí fún èyí tí omi kún àgbá rẹ̀, torí náà ẹrù tí wọn yóò gbé lọ gan-an ló yẹ kó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Nọ́ọ̀tì táyà lè dẹ̀ láàárín 50 sí 100 máìlì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá de táyà, ó sì yẹ ká tún un dè níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì tún ẹrù tò lójú ọ̀nà, òṣùwọ̀n àti pápá gbalasa tún di ọ̀ranyàn.