Òkú Tó Wà ní Ṣọ́ọ̀bù Calas

Lálẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 1761, ní òpópónà Filatiers ní ìlú Toulouse, nílẹ̀ Faransé, wọ́n bá òkú Marc-Antoine Calas nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Oníṣòwò aṣọ ni Jean Calas, bàbá náà. Ẹni ọdún 63 ni, Pùròtẹ́sítáǹtì sì ni, nílùú tó jẹ́ pé àwọn Kátólíìkì ló ni agbára. Èrò ti kún ẹnu ọ̀nà. Ẹnìkan láàárín wọn lọgun pé bàbá ló pa ọmọ nítorí pé ọmọ fẹ́ di Kátólíìkì, ariwo yẹn náà ló sì di ẹ̀sùn. David de Beaudrigue, ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ ìlú, kó gbogbo ará ilé: bàbá, ìyá, Pierre àbúrò olóògbé, Lavaysse tó wá bá wọn jẹun alẹ́, títí kan Jeanne Viguière, ìránṣẹ́bìnrin wọn. Ó gbé òkú lọ sí gbọ̀ngàn ìlú láì kọ ohunkóhun sílẹ̀ nípa ibi tí wọ́n ti bá a. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀wù Marc-Antoine wà lórí káńtà, kíká ni wọ́n ká a, irun orí rẹ̀ kò dàrú, kò sì sí ọgbẹ́ lára rẹ̀ ju ojú okùn tó wà lọ́rùn lọ. Ta ni wọ́n ń fipá pa tó ń ráyè ká ẹ̀wù?

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọmọlúàbí, ìkíni àti ìbọ̀wọ̀ fágbà la sábà máa ń kà sí i. Èrò tèmi ni pé níbi tí òkú bá ti sùn, sùúrù láti wo nǹkan fínnífínní ló ṣáájú nínú ìwà, àánú pàápàá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Beaudrigue kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan, ariwo ọjà ló gbọ́. Àwọn oníṣègùn tó yẹ òkú wò kọ ọ́ sílẹ̀ pé okùn ló pa á, pé ààyè ló wà nígbà tí okùn gbé e, yálà òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é tàbí àwọn mìíràn. Wọ́n sọ ibi tí ojú wọn dé, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Àwọn yòókù kò dúró. Ìwé tí wọ́n kà ní ṣọ́ọ̀ṣì láti wá ẹlẹ́rìí, ẹni tó gbọ́ pé bàbá pa ọmọ nìkan ló ń wá. Kí ẹjọ́ tó parí, wọ́n ti sin Marc-Antoine bí ajẹ́rìíkú Kátólíìkì. Nígbà tó yá, adájọ́ 8 nínú 13 dá bàbá lẹ́bi. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1762, wọ́n fi irin ṣẹ́ egungun rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ìdálóró. Títí tí ẹ̀mí fi bọ́, ó ní ọwọ́ òun mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ìdílé náà ló fà á, nítorí wọ́n purọ́. Òótọ́ ni. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ pé àwọn ti bá òkú. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n jẹ́wọ́ pé ó so. Bàbá ló bẹ Pierre pé kó má jẹ́ kó tàn kálẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa ara rẹ̀. Lábẹ́ òfin ìgbà yẹn, wọn a máa wọ́ òkú ẹni tó bá pa ara rẹ̀ kiri ìgboro ní ìdojúbolẹ̀. Àwa tí àwọn baba wa ti ń sọ pé Ọba kò so kò lè ṣe bí ẹni tí irú ìtìjú yìí kò yé. N kò gbè sẹ́yìn irọ́ náà. Ó ba ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ lójú àwọn adájọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè purọ́ láì pa ènìyàn, iṣẹ́ aláṣẹ sì ni láti wo ẹ̀yìn irọ́.

Voltaire, amòye tó ń gbé lẹ́bàá Geneva, kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ nínú lẹ́tà, bí ẹni pé Calas jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe Donat, ọmọkùnrin Calas tó kéré jù, ó fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò tí Toulouse kò ṣe. Báwo ni arúgbó ẹni ọdún 63 ṣe lè dá nìkan gbé géńdé tó ti ń lọ sí 30 ọdún kọ́? Tó bá jẹ́ pé gbogbo ilé ló dìtẹ̀, a jẹ́ pé Viguière náà wà níbẹ̀, Kátólíìkì paraku tó ti ran Louis, ọmọ Calas mìíràn, lọ́wọ́ láti yí ẹ̀sìn padà. Kí ló dé tí wọ́n wá pa bàbá nìkan, tí wọ́n lé Pierre nílùú, tí wọ́n sì tú àwọn yòókù sílẹ̀? Ó gbé ìwé rẹ̀ lórí ìfaradà jáde ní 1763. Lọ́dún yẹn kan náà ni oníṣẹ́ abẹ Antoine Louis tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe lè fi àmì ara òkú mọ ẹni tó pokùn so yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n so. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 1765, àwọn adájọ́ mìíràn tó tún ẹjọ́ náà gbọ́ dá Calas láre, wọ́n ti yọ Beaudrigue nípò ṣáájú.

Ṣé Voltaire wá jẹ́ ọmọlúàbí? Ahọ́n rẹ̀ mú, orúkọ Donat ló fi kọ àwọn ìwé kan tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, àwọn kan sì ní ìkórìíra ṣọ́ọ̀ṣì ló lé e wọ ẹjọ́ náà. Èyí wù kó lé e, ó yí padà kúrò nídìí ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rí dé, Beaudrigue kò sì yí padà. Mo fún un ní ti ìwà yẹn. Àmọ́ n kò lè fún un ní orúkọ náà lódindi, nítorí ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ mìíràn pé ènìyàn dúdú rẹlẹ̀ sí funfun ní làákàyè, ó sì kọ ọ́ láì wádìí lẹ́nu wa bó ṣe wádìí lẹ́nu Donat.