Ẹ Kú Ìjókòó

Ìbéèrè kan wà tí kò yé da ọkàn ọmọ ènìyàn láàmú: kí ni ó yẹ kí ènìyàn ní kí ó tó lè sọ pé ó tó òun? Ẹnìkan ní ìgbà tí òun bá kọ́ ilé ni. Ẹlòmíràn ní ìgbà tí òwò òun bá gbòòrò ni. Ẹlòmíràn sì ní ìgbà tí ọmọ òun bá jáde ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé kan bá parí, ojú a tún wà lára ilé kejì. Báyìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ti ayọ̀ síwájú láti ọdún dé ọdún, títí ilẹ̀ fi ń ṣú bá wa lójú ọ̀nà.

Àwa náà ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí rí. Ìyá àgbà kan ń bẹ ní àdúgbò wa, tí ó máa ń jókòó sí ìdí ògiri ilé rẹ̀ ní òwúrọ̀, níbi tí oòrùn kò tíì dé, tí yóò máa bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Lójoojúmọ́ tí a bá ń sáré lọ sí ibi iṣẹ́, a óò wí pé, "Ẹ kú ìjókòó, Màmá," a óò sì kọjá lọ. Ní ọjọ́ kan ó pè wá padà. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ kọ́ ni o máa ń kí mi, ohùn rẹ ni. Kí n tó dáhùn, ẹsẹ̀ rẹ ti kọjá ilé kejì."

Ojú tì wá, a sì dúró. Nígbà náà ni a tó gbọ́ bí èèpo ẹ̀gúsí ti ń dún pẹ́pẹ́ lábẹ́ èékánná rẹ̀. A rí àwọn adìyẹ tí wọ́n yí i ká, tí wọ́n ń ṣa èyí tí ó já bọ́. A rí ẹ̀gúsí funfun tí ó ń pọ̀ sí i nínú igbá díẹ̀díẹ̀, a sì gbóòórùn àkàrà tí ẹnìkan ń dín ní ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ohun tuntun kan nínú gbogbo rẹ̀. Àràárọ̀ ni ó ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa ni a kò sí níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ro ọ̀rọ̀ ìkíni àwọn baba wa. Ẹni tí ó jókòó ní ìkíni tirẹ̀, ẹni tí ó dúró ní tirẹ̀. A ń kí ara wa kú òjò, a ń kí ara wa kú ọ̀gbẹlẹ̀, a ń kí ara wa kú ọyẹ́. A ń wí fún onídìrí pé, "Ojú gbooro o," a sì ń wí fún aláró pé, "Àrẹ̀dú o." Ta ni yóò lè kí ènìyàn báyìí bí kò bá kọ́kọ́ wo ohun tí onítọ̀hún ń ṣe? Ojú ni ó ń ṣíwájú ẹnu.

Ẹ sì jẹ́ kí a kíyèsí èyí pẹ̀lú: nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ni a ń wí pé, "Ẹ kú iṣẹ́." Kò sí ẹni tí ń dúró de ìgbà tí iṣu bá ta kí ó tó kí àgbẹ̀ tí ó ń kọ ebè. Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ni ìkórè; nítorí náà ni wọ́n ṣe fi iyì sí àárín iṣẹ́, tí wọn kò fi gbogbo rẹ̀ sí òpin nìkan.

Ẹnìkan lè bi wá pé, "Ǹjẹ́ ẹ kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn tan tálákà jẹ?" Ìbéèrè náà tọ́. Ẹni tí ó bá wí fún ẹni tí ebi ń pa pé kí ó ní ìtẹ́lọ́rùn, ìkà ni ó ṣe. Ẹni tí a rẹ́ jẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ohun tí í ṣe tirẹ̀, ẹni tí òrùlé rẹ̀ sì ń jò, kí ó tún un ṣe; ẹ kú òjò kò ní kí ènìyàn máa sùn sínú omi. Ìtẹ́lọ́rùn kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìbẹ̀rù. Ohun tí a ń wí ni pé kí ènìyàn má ṣe fi ohun tí kò tíì ní fọ́ ojú ara rẹ̀ sí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀.

A óò mú àpẹẹrẹ kan wá láti inú ìtàn ìran wa. Ní 1821 ni a kó Àjàyí, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Crowther, lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun, ó sì gúnlẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Wọ́n ti pàdánù ilé, oko àti ará. Síbẹ̀, "ẹ kú" kò kúrò lẹ́nu wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn fi sọ wọ́n ní Aku. Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ní 1854 pé láti inú ìkíni wọn ni orúkọ náà ti wá. Àwa kò wí pé ìyà náà tẹ́ wọn lọ́rùn. Kí a má rí i! Ṣùgbọ́n àwọn tí a kó lẹ́rù tán ṣì ń wo ojú ara wọn, wọ́n ṣì ń fi orúkọ pe òwúrọ̀, iṣẹ́ àti ìjókòó ẹnìkejì wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọrọ̀ ni ó ń mú irú ojú bẹ́ẹ̀ wá, níbo ni wọn ìbá ti rí i?

Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ẹ ṣiṣẹ́, ẹ kọ́lé, ẹ tọ́ ọmọ. Kò sí èyí tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kí ẹni tí ó jókòó ní ọ̀la, ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.